Ohùn Tó Ń Pè Mí Jẹun ní Apá Òsì

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń ṣe é, tàbí tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún nípa ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Èmi náà ti dé ibẹ̀ rí. N kò mọ̀wé púpọ̀, n kì í sì í ṣe dókítà. Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ni mò ń tà ní Ọjà'ba, ohun tí ojú mi rí ni n óò sì sọ. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó máa bà yín lẹ́rù. Ẹ má torí ìyẹn gbé e jù sílẹ̀ o. Ẹ̀rù ọ̀hún bà mí jù yín lọ, mo sì ṣì wà níbí tí mò ń jẹun.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára mi tipẹ́. Wọ́n fún mi lóògùn, mo lò ó títí ara mi fi yá gágá, mo wá bi ara mi pé kí ni mo tún ń lo oògùn sí nígbà tí nǹkan kan kò ṣe mí. Ìwà òmùgọ̀ nìyẹn, ẹ má hù ú. Nígbà tó yá, àwọn nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì mi á bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, n kò ní mọ̀, àfi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá pè mí. Bí mo bá jẹun tán, oúnjẹ á ṣẹ́ kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà á máa bínú pé àwọn kí mi, n kò dáhùn, pé mo ti ń gbéra ga. Mo rò pé ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí ọjà mi, mo gbójú sókè, mo rí i pé ìdajì ọjà kò sí mọ́. N kò sọ pé ó ṣókùnkùn o. Kò sí ni. Mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń ná ọjà, mo ń gbọ́ aláàárù tó ń pariwo "ẹ yàgò", mo ń gbọ́ fèrè ọ̀kadà, ṣùgbọ́n àwọn ohùn yẹn kò ní ẹni tó ni wọ́n. Ohùn lásán ni wọ́n. Mo fẹ́ dìde kí n sá, ilẹ̀ ló gbà mí.

Wọn kò kọ́kọ́ gbé mi lọ sí ọsibítù. Àrẹ̀mọ ni wọ́n gbé mi lọ, sílé Màmá Àrẹ̀mọ, àbúrò bàbá mi lóbìnrin, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá mi. Ìyá ìjọ ni Màmá nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, omi àdúrà kì í sì í wọ́n nílé rẹ̀. Wọ́n tẹ́ mi sórí ẹní. Màmá gbé orí mi lé itan rẹ̀, ó ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ mí ní omi náà bí ìgbà tí à ń rọ ọmọ tuntun lágbo. Omi kò gba ọ̀nà ọ̀fun. Mo húkọ́ títí ojú mi fi fẹ́ yọ jáde, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin lórí itan obìnrin tó fẹ́ràn mi jù láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tí àrùn yìí bá dá wólẹ̀, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe àgbo, kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ tó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò.

Ọmọ mi kan ṣoṣo, Tọ́pẹ́, tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́lẹ́tẹ̀, ló sáré dé.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sọ́sibítù."

"Àdúrà ni kò tíì tó."

"Ẹ jẹ́ ká máa gbà á lọ nínú mọ́tò mà."

Bí a ṣe délé ìwòsàn nìyẹn. Ìlà káàdì wà níbẹ̀, ìlà dókítà wà, ìlà yíya àwòrán orí náà wà, Tọ́pẹ́ sì ń sáré láti ọ̀kan dé èkejì nígbà tí èmi sùn sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan pẹ̀lú orí mi lórí báàgì rẹ̀. Owó tó lọ síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì fún mi ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Dókítà ṣàlàyé fún Tọ́pẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti dí nínú ọpọlọ mi, pé apá òsì mi ló bá lọ. Èmi gbọ́ ọ. Mo rò pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń wí.

Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti rí i pé n kò dá sùn. Ẹnì kan dùbúlẹ̀ tì mí. N kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá na ọwọ́ ọ̀tún mi kọjá àyà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kàn, ọwọ́ tútù, ọwọ́ wíwúwo, tí kì í mira. Mo fọwọ́ tọ̀ ọ́ dé orí ìka, mo sì bá òrùka níbẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó mi ni, èyí tí olóògbé ọkọ mi fi sí mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ibi tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tì mí ti bọ́ òrùka mi, ó sì ti fi sọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Tọ́pẹ́," mo ní, ahọ́n mi ń wọ́ bíi ti ọ̀mùtí, "gbé ẹni yìí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ta ni, Màámi?"

"Òkú tó wọ òrùka mi."

Tọ́pẹ́ wo bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí, ó bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n Màmá Àrẹ̀mọ kò sunkún. Ńṣe ló mi orí, ó ní wòlíì àwọn ti rí i lójú ìran pé ẹnì kan sùn ti Àbẹ̀ní, tí kò fẹ́ dá lọ. Àbẹ̀ní ni oríkì mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé wòlíì náà rí i, gbogbo irun ara mi dìde.

Ibẹ̀ ni ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Màmá fi kọ́ mi láti kékeré, tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín náà. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n pè ọ́, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Bí o bá rí oúnjẹ lójú orun, má jẹ ẹ́. Ẹni tó bá bá òkú jẹun ti bá a lọ nìyẹn. Mo dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó dàgbà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, n kò sì fìgbà kan rò ó wò.

Ó ṣẹlẹ̀ pé gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá ti dé sí wọ́ọ̀dù, tí mo gbọ́ tí ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í kan abọ́, ohùn obìnrin kan á sọ̀rọ̀ láti apá ibi tí kò sí nǹkan kan. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, ohùn àgbà, ó sì sún mọ́ etí mi gan-an.

"Ẹ wá jẹun o."

Mo wo ibẹ̀, n kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé dáadáa: kì í ṣe pé n kò fẹ́ wo apá òsì. Apá òsì kò sí fún mi láti wò. Ayé mi parí sí orí imú mi, ohùn náà sì ń ti ẹ̀yìn ibi tí ayé parí sí wá. Mo di ẹnu mi pa. Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí wá, mo lẹ ètè mọ́ra. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé nǹkan mì lẹ́yìn ìpè yẹn, mo ti jẹ́ ìpè náà nìyẹn.

Bí n kò bá ti dáhùn, ohùn náà á dákẹ́. Bí oúnjẹ mìíràn bá dé, á tún pè mí. Ní ọjọ́ kan tí Tọ́pẹ́ wà níbẹ̀, ohùn náà sọ pé "ẹ wá jẹun o", ni mo bá gbọ́ tí ọmọ mi dáhùn, láìmikàn, pé, "Á gba ibi ire o, mà."

Ẹ̀mí mi fò lọ. Ọmọ tí mo bí ń dá òkú lóhùn! Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi, mo fi dí i lẹ́nu, mo dì í mú débi pé èékánná mi ya á lẹ́rẹ̀kẹ́. Tọ́pẹ́ rò pé orí mi ti yí. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí ohun tó bá fara pamọ́, bí o bá dárúkọ rẹ̀ síta, ńṣe lò ń fún un lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe wí.

Omi tí wọ́n ń fà sí mi lára nìkan kò lè gbé ènìyàn ró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wọnú, mo ti ń gbẹ. Dókítà ní bóyá ọ̀fun mi ti bàjẹ́ pátápátá, pé kí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ mí nímú kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ lọ. Màmá Àrẹ̀mọ kò gbọ́ èyí sétí. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ki rọ́bà bọ̀ nímú kì í padà wálé. Ó ní kí wọ́n gbé mi fún òun, kí òun gbé mi lọ sí ilé àdúrà, pé bí mo bá tilẹ̀ máa lọ, kí n lọ láàárín àwọn ènìyàn mi. Tọ́pẹ́ kọ̀, ó sunkún, ó kúnlẹ̀. Ní ìkẹyìn àgbà borí rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé wọn á gbé mi lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè gbé mi kúrò níbẹ̀, ikú mi ni wọ́n gbé lọ. Síbẹ̀, n kò jẹ́ la ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì pé. Màmá ti dé pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n máa fi wé mi, mọ́tò ti wà nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, obìnrin sísanra kan tí kì í yára, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán ọ̀fun mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe ń gbé ṣíbí bọ̀, ohùn náà sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá jẹun o, ìyá."

Omijé bọ́ lójú mi. Ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Tọ́pẹ́, wọ́n tún ti ń pè mí."

"Ta ló ń pè yín, Màámi?"

"Àwọn òkú. Wọ́n ní kí n wá jẹun."

Màmá Àrẹ̀mọ figbe ta, ó ń pe orúkọ Jésù. Láti inú ibi tí kò sí nǹkan kan yẹn, ohùn náà tún dáhùn fúnra rẹ̀:

"Háà! Èmi ni o! Èmi ò tíì kú o, ẹ jọ̀ọ́!"

Nọ́ọ̀sì àgbà gbé abọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú, ó yí i díẹ̀díẹ̀ sí òsì, ó ń yí i, ó ń yí i, títí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń ṣí aṣọ fèrèsé. Mo rí ògiri. Mo rí fèrèsé kan tí n kò mọ̀ pé ó wà. Mo rí bẹ́ẹ̀dì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi, àti obìnrin arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí rẹ̀, pẹ̀lú awò lójú àti abọ́ kékeré lọ́wọ́.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé yín wá ni mo ti ń kí yín," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀yin ò kàn fẹ́ràn ènìyàn ni."

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Oníyanrìn, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Ìwà ọmọlúàbí ló ń hù sí mi, pé ẹni tó fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó wà nítòsí. Ìwà ọmọlúàbí yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nọ́ọ̀sì kò tíì ṣetán. Ó gbé ọwọ́ tútù yẹn sókè, ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún mi lé orí òrùka, ó ní kí n máa tọ̀ ọ́ lọ. Mo tọ̀ ọ́ láti ìka dé ọrùn ọwọ́, dé ìgúnpá, dé èjìká. Mo ń retí ibi tí ọwọ́ náà máa já sí lára ẹlòmíràn. Ọrùn èmi fúnra mi ló já sí. Mo ti rò pé ara á tù mí bí mo bá mọ̀ pé kò sí òkú níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí ní wákàtí yẹn ju ti òkú lọ, nítorí ènìyàn lè sá fún òkú.

"Kí lẹ̀ ń jẹ yìí, Mà?" nọ́ọ̀sì bi Ìyá Tíṣà.

"Ápù ni. Ọmọ mi ló ń sè é. Eyín mi kò dáa mọ́."

Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀, ó tẹ ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ṣàn. Ó dúró sójú kan, ó kì, ó jọ̀lọ̀. Ó ní irú oúnjẹ tí òun ń wá gan-an nìyẹn, pé ohun tó bá ń ṣàn bí omi tàbí ẹ̀kọ mímu ló máa ń sáré gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ó gbé mi jókòó ṣánṣán, ó ní kí n tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ó fi bíńtín sí apá ọ̀tún ẹnu mi. Ó dùn, ó kan díẹ̀. Màmá Àrẹ̀mọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́, Tọ́pẹ́ di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Mo gbé e mì. Mo tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. N kò húkọ́.

Ni mo bá yíjú sí Ìyá Tíṣà, mo fi ahọ́n wíwọ́ mi san gbèsè ìkíni tí mo jẹ ẹ́: "Á gba ibi ire o."

Láti kékeré ni mo ti ń sọ gbólóhùn yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí àwọn baba wa ń wí. Oúnjẹ tó gba ibi ire ló ń di ara. Èyí tó bá ṣìnà, ikú ni.

Màmá ká aṣọ funfun náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ lé mọ́tò lọ.

Bí a ṣe ń sè é nìyí, kí ẹ má bàa ṣe àṣìṣe tiwa. Tọ́pẹ́ máa ń ra ápù ní Mọ́lẹ́tẹ̀, pupa fún adùn, ọ̀kan tó ní àwọ̀ ewé fún kíkan. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ yọ àárín rẹ̀ àti kóró, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Omi díẹ̀ ló fẹ́, kò ju èyí tó máa jẹ́ kí ìdí ìkòkò má jó. Ẹ dé e, ẹ fi iná díẹ̀ sí i títí ó fi rọ̀ débi pé ṣíbí á wọ inú rẹ̀ láìjanpata. Ẹ wá fi orógùn tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́ bí ọ̀fun ẹni náà kò bá tíì lágbára, kí kókó kankan má kù. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ó má dúdú. Ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Nígbà àkọ́kọ́, Tọ́pẹ́ bu omi jù, ó ṣàn bí ògì, nọ́ọ̀sì dà á nù lójú wa. Nígbà kejì, Màmá da òróró àdúrà sí i, wọ́n tún dà á nù. Màmá bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ìkòkò. Ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ láàárín ọjọ́ méjì ni kí ẹ máa sè, ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ iná wa.

Ápù kò wo àrùn rọpárọsẹ̀ o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà ló ń tà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò lójoojúmọ́ àti nína ẹsẹ̀ nína ọwọ́ ló gbé mi dìde. Ohun tí ápù ṣe ni pé ó jẹ́ kí n lè jẹun láìséwu. Ó jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ fún mi, nítorí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, inú rẹ̀ á le bí òkúta. Kò ní ọ̀rá, kò sì ní iyọ̀ tó máa ru ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè ìwọ̀n tó lè jẹ. Ẹni tó ní eyín, tí ọ̀fun rẹ̀ dá, kó jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú èèpo, ara èèpo ni ọ̀pọ̀ oore rẹ̀ wà. Bí ápù bá wọ́n jù, ìbẹ́pẹ pípọ́n tí ẹ tẹ̀ kúnná náà dára.

Wọ́n dá mi sílẹ̀, mo padà sí Àrẹ̀mọ, sílé Màmá. Nínú pálọ̀ ni wọ́n gbé àga mi sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ mi ní rírìn sọ pé kí n máa wá ògiri òsì lójoojúmọ́, kí n máa yí orí títí n óò fi rí i. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Àwọn àlejò tó bá wá kí mi á kọ́kọ́ wo apá ibẹ̀, wọ́n á sì yára gbójú kúrò. N kò mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yí orí, mo rí ògiri, mo tún yí i sí i, mo rí férémù ńlá kan. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ó wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní obìnrin yìí mà jọ mí o. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, àti "Sùn re o, ìyá rere." Lábẹ́ ìyẹn ni ọdún tí wọ́n bí mi, ìlà kékeré kan, àti àyè òfìfo.

"Màmá," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

Màmá jókòó sílẹ̀. "Nígbà tí o kò jẹun mọ́ ni, Àbẹ̀ní. Wọ́n ní ká tètè gbé àwòrán rẹ fún oníférémù ní Bẹẹrẹ, pé ó máa ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Nígbà tí o wá jí, ẹ̀rù ń bà mí láti jó o. Bí mo bá jó o, ṣé kì í ṣe ìwọ ni mo jó yẹn?"

"Ẹ wá gbé e kọ́ ògiri?"

"Ibi tí o kò ti lè rí i ni mo gbé e kọ́."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n ké. Mo ṣe méjèèjì. Tọ́pẹ́ fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Mo ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Mo ti ń lọ sọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi ọwọ́ òsì ka bọ́tìnnì. Mò ń lo oògùn mi. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá jẹ ápù mi tán, tí mo ti fi ahọ́n wá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì pé nǹkan kan kò kù síbẹ̀, mo máa ń yí orí sí ògiri náà. Àwọn ọjọ́ kan, ó máa ń pẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Bí mo bá ti rí gèlè, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí orúkọ, sí ọdún, sí ìlà kékeré yẹn. Àyè tó tẹ̀lé e ṣì ṣófo.